Apèkùrọ́ Inú Òtútù: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Hawfinch

Ẹyẹ kan wà nílùú Ọba níbí tí ẹni tó ti ń wo ẹyẹ láti kékeré lè wá fún ọdún márùn-ún kó má fojú kàn án. Hawfinch lorúkọ rẹ̀. Èmi ń pè é ní apèkùrọ́, màá sọ ìdí rẹ̀. Òtútù mẹ́rin léra ni mo ti ń rí i báyìí, ní abúlé Parkend, nínú igbó ńlá tí wọ́n ń pè ní Forest of Dean. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Gloucester. N kò kàwé nípa ẹyẹ, n kò sì ní irinṣẹ́ olówó ńlá. Ọ̀nà tí mo gbà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú lọ́dún yìí.

Bàbá kan tí mo tọ́jú ló kọ́kọ́ dárúkọ ẹyẹ náà fún mi. Wọ́n ti wa èédú nínú igbó yẹn nígbà ọ̀dọ́ wọn. Ike oúnjẹ ẹyẹ kan wà tí wọ́n so mọ́ ìta fèrèsé wọn. Tí mo bá gbé tíì wọn wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, kí n tó ṣíwọ́, wọ́n á ní kí n dúró, kí n wo èyí tó bà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ robin, tí mo mọ greenfinch, tí mo mọ chaffinch. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n léèrè èwo ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ní èyí tí kì í wá sí fèrèsé ẹnikẹ́ni ni. Wọ́n ní kí n lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Parkend láàárín òtútù, kí n má wá ẹyẹ rárá, kí n wá igi yew, kí n sì jókòó tì í. Wọ́n ti sùn báyìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ní Ìgbòho. Bí ìyeyè bá ti ń jábọ́ nínú igbó, wọn kì í lé ẹtu kiri mọ́. Wọ́n á wá igi tí èso rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ jù, wọ́n á dègùn sí tòsí rẹ̀, wọ́n á jókòó. Ẹtu á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wíwá hawfinch rí. Tí ẹ bá ní kí ẹ máa wo ẹ̀ka igi inú igbó lọ́kọ̀ọ̀kan, á ti rẹ̀ yín kí oòrùn tó mókè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ igi tó ń jẹ, ẹ ti dé ìdajì ọ̀nà.

Igi tó yẹ kí ẹ mọ̀ kò pọ̀. Èkíní ni hornbeam. Èèpo rẹ̀ rí bí eérú, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n ara igi náà kò rí róbótó bí òpó. Ó le gbandi, ó yọ iṣan, bí apá ọkùnrin tó ti ń la igi láti ìgbà èwe. Tí ewé bá ti wọ́ tán, ẹ wo ẹ̀ka rẹ̀: ẹ ó rí èso gbígbẹ tó so rọ̀ ní ìdì ìdì, kóró kọ̀ọ̀kan jókòó sórí ewé kékeré oníka mẹ́ta. Èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà. Hornbeam lalábàákú hawfinch. Èkejì ni yew, tó máa ń dúdú minimini nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ nínú òtútù. Èso rẹ̀ pupa, ó rọ̀, kóró kan wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹyẹ mìíràn ń jẹ ara pupa yẹn, wọ́n á sì yàgbẹ́ kóró náà jáde ní odindi. Kóró gan-an ni hawfinch ń pa jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ewé tàbí kóró yew sẹ́nu. Májèlé ni, ó ń pa èèyàn, ó ń pa ẹṣin àti màlúù pẹ̀lú. Beech àti cherry náà wà nínú oúnjẹ ẹyẹ yìí, àmọ́ tí ẹ bá ti mọ méjì àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe rí. Ẹ rántí ẹ̀gà tó ń kọ́lé sórí ọ̀pẹ nílé; hawfinch fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, láti ẹnu dé ìrù kò ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ ki pọ́pọ́, ìrù rẹ̀ kúrú, ẹnu rẹ̀ sì nípọn débi pé ẹni tí kò rí i rí á rò pé ẹnu ẹyẹ mìíràn ni wọ́n yá a. Orí rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n jù, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ rí bí eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí obì àbàtà tó ti pẹ́. Dúdú kékeré kan yí ẹnu rẹ̀ ká, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun. Ìlà funfun tó fẹ̀ wà lápá, funfun mìíràn wà ní ṣóńṣó ìrù. Nínú òtútù, ẹnu yẹn máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìwo màlúù. Tí ìgbà bíbí bá dé, á di aláwọ̀ eérú tó ń wọ inú búlúù.

Ẹnu yẹn ló jẹ́ kí n máa pè é ní apèkùrọ́. Ìyá àgbà mi máa ń jókòó ti òkúta ní ẹ̀yìnkùlé, èkùrọ́ nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n á gbé ọ̀kan lé òkúta, wọ́n á fi òkúta kékeré lù ú lẹ́ẹ̀kan, kọ́!, ọmọ inú rẹ̀ á jáde láìfọ́. Ó pẹ́ kí èmi tó lè pa márùn-ún láìfi òkúta lu ìka. Hawfinch, tí gbogbo ara rẹ̀ kò tó 70 gíráàmù, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ẹnu. Àwọn onímọ̀ ti wọn kóró cherry wò, wọ́n rí i pé ó gba agbára bíi kílò 27 sí 43 kó tó fọ́. Tí ẹ bá sún mọ́ igi tó wà lórí rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, ẹ ó gbọ́ bí kóró ṣe ń fọ́ lókè, ẹ ó sì rí èèpo tó ń já bọ́ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ìró yẹn, ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà ni ọkàn mi lọ tààrà.

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ lọ. Èmi fẹ́ràn ìparí oṣù Kìíní títí dé oṣù Kẹta ju àwọn ìyókù lọ, nítorí ewé ti wọ́ tán, oúnjẹ orí igi ti dínkù, ẹyẹ sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ ohun tó wà nílẹ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ló dára jù. Hawfinch máa ń bà sí góńgó igi tó ga jù, á jókòó síbẹ̀ gbọnin, á máa yá oòrùn kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Ní ìparí oṣù Kìíní, nǹkan bí aago mẹ́jọ ni oòrùn ń yọ níbí, nítorí náà aago 7:30 ni mo máa ń ti dé. Tí ẹ bá pẹ́ dé, ẹ tún lè gbìyànjú ní wákàtí tó ṣáájú ìgbà tí oòrùn máa wọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń kóra jọ láti lọ sùn. Ọ̀sán gangan ni mo lọ nígbà kejì, mo jókòó wákàtí mẹ́ta, n kò rí ju ẹyẹlé lọ.

Láti Gloucester, ọ̀nà A48 tó ń tọ ẹ̀gbẹ́ odò Severn ni mo ń gbà dé Lydney, kí n tó gba B4234 gòkè lọ sí Parkend. Reluwé máa ń dúró ní Lydney fún ẹni tí kò ní ọkọ̀, á sì wọ takisí láti ibẹ̀. Ẹ rọra wakọ̀ nínú igbó náà: àgùntàn ń rìn fàlàlà lójú títì níbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ igbó náà sì wà, wọ́n lè já sọ́nà lójijì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bíi tèmi, mo bẹ̀ yín, ẹ má ti ibi iṣẹ́ bọ́ sọ́nà. Ọjọ́ tí n kò bá ṣiṣẹ́ lálẹ́ tó ṣáájú nìkan ni mo ń lọ. Ẹyẹ á ṣì wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì St Paul, tí wọ́n kọ́ ní 1822, tó ní igun mẹ́jọ, ni àwọn igi yew náà yí ká. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Ẹni tó wà ní Norfolk, kó lọ sí Lynford Arboretum lẹ́bàá Mundford, níbi tí hornbeam ti pọ̀ nínú pápá tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó wà ní Hampshire, kó wo Blackwater Arboretum nínú New Forest. Àwọn ará àríwá ní Sizergh Castle lẹ́bàá Kendal, níbi tí ẹyẹ náà ti máa ń bà sórí hornbeam lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, pàápàá ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin. Wales náà ní tirẹ̀ ní agbègbè Dolgellau.

Aṣọ ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò lọ. Kóòtù ọ̀rá ni mo wọ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́, irú èyí tó máa ń dún ṣàkàṣàkà tí apá bá ti mì. Mo rìn tààrà lọ sídìí igi. Kí n tó gbé ojú sókè, ohun mẹ́ta fò jáde láti ẹ̀yìn igi, wọ́n sì ti lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ni. Láti ọjọ́ yẹn, kóòtù onírun àgùntàn tí kì í dún ni mo ń wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì, ìbọ̀wọ́, fìlà tó bo etí àfi tí mo bá fẹ́ gbọ́ nǹkan. Ẹ jókòó lórí nǹkan tí omi kò lè wọ̀. Ẹ gbé ohun gbígbóná dání. Ògì ni mo ń rò sínú fúláásìkì tèmi, mo sì ń fi bébà wé mọ́ínmọ́ín méjì. Ó ń gbóná nínú ikùn títí di aago mẹ́wàá, tíì kò tó bẹ́ẹ̀.

Awò olójú méjì tó ń fa ohun jíjìn súnmọ́ ni irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ nílò. Tí ẹ bá rí 8×42 lára rẹ̀, ẹ mú un: 8 ni ìlọ́po tó fi ń sún ohun mọ́ yín, 42 ni ìbú gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ní àfẹ̀mọ́jú. Ti 10 á fa ẹyẹ súnmọ́ síi, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí òtútù ti mú máa ń gbọ̀n, ohun gbogbo á sì máa mì tìtì. Àlòkù ni mo ra tèmi. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tún un ṣe: ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ fi ojú òsì wo ohun kan tó dúró sójú kan, ẹ máa yí kẹ̀kẹ́ àárín títí yóò fi mọ́ kedere, ẹ wá di ojú òsì, ẹ fi ojú ọ̀tún wo ohun kan náà, ẹ yí òrùka kékeré tó wà lápá ọ̀tún nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní awò tó dára tí wọn kò tún ṣe rí, wọ́n á máa rò pé ojú wọn ni kò dára. Tí ẹ bá rí ẹyẹ lórí igi, ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀ láti wá awò. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, kí ọwọ́ gbé awò wá bá ojú.

Etí ló sábà máa ń ṣáájú ojú níbi iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ohùn hawfinch kò pọ̀. Tíkì! lẹ́ẹ̀kan, ó mú, ó le, bí ẹni fi owó irin kan òmíràn. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún sọ ọ́. Nígbà mìíràn á fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn kún un, sííp. Robin ló máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí òun náà ń sọ tík. Bí mo ṣe mọ ìyàtọ̀ nìyí: robin wà nísàlẹ̀, nínú igbó kékeré, á sì máa sọ tirẹ̀ léraléra, tík-tík-tík-tík, bí ẹni tó ń bínú, hawfinch wà lókè, á sọ ọ̀kan péré, ó sì sábà máa ń jẹ́ nígbà tó bá ń fò. Ẹ fetí sí ohùn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílé fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ. Áàpù Merlin, tó ń gbọ́ ohùn ẹyẹ tó sì ń dárúkọ rẹ̀ lójú fóònù, lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá kọ hawfinch sójú fóònù tí ẹ kò rí ẹyẹ kankan, ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì, robin ló wà níbẹ̀. Ẹ má sì tan ohùn rẹ̀ sókè nínú igbó láti fi pè é. Ẹyẹ tó yẹ kó máa jẹun nínú òtútù ni ẹ ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò.

Tó bá ń fò, ẹ wo ara rẹ̀: iwájú wúwo, ẹ̀yìn kúrú, ìlà funfun apá máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá láti ìsàlẹ̀. Chaffinch ní funfun lápá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ sì gùn.

Ibùba tó dára jù ní Parkend ni inú ọkọ̀ yín. Ẹyẹ náà kì í bẹ̀rù ọkọ̀ tó dúró sójú kan tó bó ṣe ń bẹ̀rù èèyàn tó ń rìn. Ẹ gbọ́kọ̀ síbi tí ẹ ti lè rí góńgó igi àti ìdí yew pa pọ̀, ẹ má dí ọ̀nà onílé, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí ẹ wá dákẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló le jù. Tí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí kò ṣe ewé, tí kò ṣe ẹ̀ka.

N kò lè fo ọ̀rọ̀ kan dá. Èèyàn dúdú tó jókòó sínú ọkọ̀ ní àfẹ̀mọ́jú, tó gbé awò sójú, ní abúlé kékeré: ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ti rí aṣọ fèrèsé tó ṣí díẹ̀, tó sì padé. Ohun tí mo ń ṣe ni pé èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn. Ẹni tó bá mú ajá rẹ̀ kọjá, mo á kí i pé ó káàárọ̀, mo á sọ ohun tí mo ń wá, mo á bi í bóyá ó ti rí i lọ́sẹ̀ yẹn. Láàárín òtútù kan ṣoṣo, àwọn tó ń ṣọ́ mi tẹ́lẹ̀ ló ń sọ ibi tí ẹyẹ wà fún mi. Ìyá àgbàlagbà kan tí òun náà máa ń wá síbẹ̀, tó ti ń wo ẹyẹ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ló fi igi cherry kan hàn mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí n kì bá mọ̀ láéláé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ibojì ló wà nínú ọgbà yẹn. Tí ẹ bá rí ẹni tó wá síbi òkú rẹ̀, ẹ sọ awò kalẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fi ọgbà sílẹ̀ fún àwọn tó wá jọ́sìn.

Ìgbà kẹta, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, n kò rí góńgó igi kankan. Ìgbà kẹrin ni. Yìnyín wà lórí koríko, ọ̀run mọ́ kedere. Ní aago 8:10, mo gbọ́ tíkì! lókè mi, ọ̀kan, ó dákẹ́, ọ̀kan sí i. N kò mira. Ẹyẹ kan wá bà sí góńgó igi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn sì lù ú láyà, orí rẹ̀ ń pọ́n bí epo tuntun. Òmíràn dé. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́sàn-án, mẹ́fà ni wọ́n wà nílẹ̀ lábẹ́ yew, tí wọ́n ń fi ẹnu ńlá yẹn yí ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń pa kóró. Mo sunkún díẹ̀. Bàbá ti lọ ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà, n kò ní ẹni tí màá gbé tíì wọlé bá láti ròyìn fún.

Nítorí náà ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀. Láti 2009 ni hawfinch ti wà nínú àkọsílẹ̀ pupa àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu nílùú Ọba. Àwọn tó ń bí níbí kò ju bíi 500 sí 1,000 tọkọtaya lọ. Nínú òtútù, àwọn mìíràn máa ń fò wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọdún kan sì wà tí wọ́n ń ya wọlé bí omi, bíi ti oṣù Kẹwàá 2017, tí àwọn èèyàn rí wọn lórí ìlú tí wọn kò ti rí wọn rí. Ọdún mìíràn, díẹ̀ ló ń wá. Àwọn tó wà lójúfò nínú igbó kò pọ̀ tó láti mọ iye tó wá, àfi tí àwa náà bá kọ tiwa kún un. BirdTrack, ibi tí èèyàn ti ń kọ ẹyẹ tó rí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọjọ́, aago tí ẹ dé àti aago tí ẹ lọ, iye tí ẹ rí, igi tí wọ́n ń jẹ. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ ìyẹn náà: wákàtí mẹ́ta, kò sí. Ó wúlò fún àwọn tó ń kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ẹ rí mẹ́fà.

Tí ẹ bá wà ní Parkend lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, tí ẹ rí obìnrin kan nínú ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tó gbé fúláásìkì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá gba ògì.